Gbogbo Ohun tí Dókítà Wí fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì

Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n máa kọ ìwé yìí. "Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀ kó má sọnù," ló wí nínú takisí. Ó di ìwé èsì àyẹ̀wò mú lórí itan bí ẹni tó gbé abọ́ tí omi kún dé ẹnu.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá la wọlé. Yàrá kékeré ni: tábìlì kan, àga mẹ́ta, ibùsùn gíga tí wọ́n tẹ́ bébà lé. Dókítà náà kò tíì pé ogójì ọdún. Obìnrin ni, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í sì í yí ọ̀rọ̀ po. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́:

Jẹjẹrẹ ọyàn ni, ọyàn òsì. Ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin àti ààbọ̀. Ó ti dé inú kókó kan lábẹ́ abíyá. Ìpele kejì. Gíréèdì kẹta. Omi ara obìnrin, tí wọ́n ń pè ní họ́mọ́ọ̀nù, ló fi ń ṣe oúnjẹ. "A ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ báyìí. Oògùn inú iṣan la máa kọ́kọ́ fún yín, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta síra wọn."

Ó bi wá bóyá ó yé wa. Ẹ̀gbọ́n mi wo ìwé mi, ó rí i pé ojú-ewé ti kún, ó ní ó yé wa.

Nílé, mo kà á fún un látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ abẹ, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní, "Ó dáa." Ó dìde, ó lọ yọ aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì rẹ̀, ó ká a.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kejì

Àbúrò wa ọkùnrin, tí a ń pè ní Ọ̀gá Íńtánẹ́ẹ̀tì, tẹ̀ mí láago lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jáde nílé.

"Àǹtí Akọ̀wé, ẹ ò sọ òótọ́ fún mi. Ìkẹta ni."

"Ìpele kejì ni mo sọ fún ọ."

"Ẹ tún sọ ìkẹta."

"Gíréèdì nìyẹn."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

Mo ṣí ìwé mi. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀ láìṣì ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, n kò sì lè sọ ìyàtọ̀ wọn. Mo ní màá wò ó.

"Ẹ tètè wò ó o. Mo ti sunkún ti ìkẹta tán. Tó bá jẹ́ ìkejì ni, kí n mọ̀ bóyá mo máa gba díẹ̀ padà."

Ní ilé ẹjọ́, ẹjọ́ ilẹ̀ la fi gbogbo ọjọ́ gbọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń jókòó sábẹ́ adájọ́ tí mo ń kọ ohun tí ẹlẹ́rìí ń wí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fún mi ní òfin kan péré: bí ohun tí ẹlẹ́rìí sọ kò bá yé ọ, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má béèrè, ìwọ kọ́ lo máa dá ẹjọ́. Lónìí ẹlẹ́rìí kan ní ilẹ̀ náà "bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kejì

Mo yá ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣègùn nínú ilé ìkàwé ilé ẹjọ́. Ó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Ìpele ń sọ bí àrùn náà ṣe rìn jìnnà tó nínú ara. Gíréèdì ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì ara tó dá ṣáká, àti bó ṣe ń kánjú tó. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò tíì rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yá.

Mo fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Íńtánẹ́ẹ̀tì. Èsì rẹ̀: "Olè ò tíì wọlé, ṣùgbọ́n ó ń sáré bọ̀. Ẹ ṣé o, ọkàn mi ti balẹ̀ pátápátá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kejì

Ooru mú. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn yàrá iwájú ilé rẹ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń rán gbogbo aṣọ oníbàárà tó wà nílẹ̀, kódà èyí tí wọn kò ní gbà títí di oṣù Karùn-ún. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sára gbogbo wọn, ó sì gbé wọn kọ́ sára ògiri.

Ọmọbìnrin kan wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun nínú ọ̀rá. Oṣù Kejìlá ló fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n mi kò tú ọ̀rá náà.

"Mi ò gba ti Oṣù Kejìlá, ìyàwó. Wá ẹlòmíràn."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ rán ti ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀. Ó sì wọ̀ ọ́ dáadáa. Wá ẹlòmíràn."

Mo rò pé agbára ló ń tọ́jú fún oògùn. Ó bọ́gbọ́n mu.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kejì

Oògùn àkọ́kọ́. Àga mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà, wọ́n kọjú sí fèrèsé kan tí kò ṣeé ṣí. Nọ́ọ̀sì wọ ìbọ̀wọ́ onípele méjì kó tó fọwọ́ kan páìpù. Oògùn náà pupa. Mo kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà lára ike.

Obìnrin tó wà lórí àga kejì ń ṣe búrẹ́dì tà. Ìgbà kẹta rẹ̀ rèé. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi yìnyín sẹ́nu kí egbò má bàa yọ níbẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá dé ilé, tẹ́ ẹ tọ̀, tó pupa, ẹ má pariwo o. Oògùn ni. Èmi pariwo. Ọkọ mi kó gbogbo àdúgbò wá síwájú ilé ìtọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó tó ọjọ́ mẹ́jọ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kejì

Kò jẹun. Ó ní omi ń rùn bí irin.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kejì

Aago mẹ́ta ọ̀sán, ibà: méjìdínlógójì àti ìdá méjì nínú mẹ́wàá. Ìwé tí nọ́ọ̀sì fún wa sọ pé bó bá ti kọjá méjìdínlógójì, a kò gbọ́dọ̀ dúró. A kò dúró. Awakọ̀ takisí gba ìlọ́po méjì nítorí òjò tó ń bọ̀. Òjò náà kò rọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn ló ń bá àrùn jà. Oògùn náà kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ẹ̀ṣọ́, ó ti pa púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n gba ẹ̀gbọ́n mi sílé ìwòsàn. Orúkọ ohun tó ń ṣe é gùn ju ìlà kan lọ nínú ìwé mi. Mo kọ ọ́ tán, lẹ́tà rẹ̀ sì pé.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kejì

Ibà ti lọ. Wọ́n dá wa padà sílé.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kejì

Irun rẹ̀ ń já sórí ìrọ̀rí. Ó mú àlùmọ́gàjí aṣọ rẹ̀, ó jókòó síwájú dígí, ó gé èyí tó kù. Kò jẹ́ kí n bá a gé ẹ̀yìn. "Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀, wọ́n ní. Wò mí." Ẹ̀yìn náà gún régé.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Oògùn kejì. Dókítà fọwọ́ tẹ ọyàn náà, ó ní, "Ó ń rọ̀. Ó ń dáhùn sí oògùn." Mo kọ ọ́, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ohun tí n kì í ṣe. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń de bọ́tìnnì rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé òjò lè rọ̀ ní ìlú ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Ògiri ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo. Àwọn oníbàárà ti kó aṣọ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti kó àwọn àgékù aṣọ dáradára jọ ní ìdì mẹ́ta: ti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun, ti ìyàwó Ọ̀gá Íńtánẹ́ẹ̀tì, ti èmi. Mo ní n kò mọ aṣọ rán. Ó ní kí n máa fi nu tábìlì.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó fún mi ní àlùmọ́gàjí ńlá rẹ̀, èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó wọ yunifásítì.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo ní òmíràn."

Kò ní òmíràn. Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ni mo mọ̀. Mo gbé e délé, mo fi í sínú dúrọ́ọ̀, mo tì í. Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Ó sọ ọ́ nígbà tí mo ń da tíì.

"Akọ̀wé, ẹ̀ẹ̀mejì yẹn tó. Mi ò padà sórí àga yẹn mọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ní."

"Mo gbọ́ iye tí wọ́n ní. Nítorí ìwọ àti àbúrò rẹ ni mo ṣe ṣe méjì. Ẹ ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu tó mọ adùn oúnjẹ lo èyí tó kù."

Èyí tó kù. Mo ṣí ìwé, mo ka ti ọjọ́ kẹta oṣù yìí fún un: ó ń rọ̀, ó ń dáhùn. Ó gbọ́ ọ tán. Ó fọwọ́ kan orí mi, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta tí mo bá gba ipò kìíní.

"O máa ń kà á dáadáa," ló wí.

Mo pe Ọ̀gá Íńtánẹ́ẹ̀tì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rí ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n bẹ ẹ̀gbọ́n wa. Mo ní mo ti bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí n tún wọn bẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Mo ka ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, àti ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn tí mo ń kọ lọ́tọ̀. Ojú-ewé mẹ́tàdínlógójì. Mo ń wá ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe. Orúkọ oògùn pé, iye rẹ̀ pé, ọjọ́ pé, ìwọ̀n kókó pé. Bí wọ́n bá gbé e wá síwájú adájọ́, agbẹjọ́rò kankan kò ní rí ibi fà ya.

Mo tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí mo ń wá àmì ìbéèrè. Gbogbo èyí tó wà níbẹ̀, Dókítà ló ni ín. Ó bi wá ní ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé, "Ṣé ó yé yín?" Kò sí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi kankan. Kò sí tèmi.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta

N kò lọ síbi iṣẹ́. Mo bá a lórí àga níwájú máṣíìnì, kò rán nǹkan kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí pẹ́dà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kí lẹ gbọ́?"

"Ohun tí ìwọ náà gbọ́. O kọ ọ́."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi bẹ́ ẹ ṣe gbọ́ ọ."

Ó yí ojú sí fèrèsé. "Wọ́n ní àwọn ò ní fọ̀bẹ kàn án."

"Wọ́n ní báyìí. Wọ́n ní oògùn la máa kọ́kọ́ gbà."

"Bí wọ́n ṣe sọ fún Màámi náà nìyẹn. 'A ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ báyìí, Màmá, ẹ jẹ́ ká fún yín lóògùn ná.' Èmi ni mo bá wọn wọlé. Ìwọ wà nílé ìwé. Nígbà tá a jáde, nọ́ọ̀sì kan fà mí sẹ́yìn, ó ní kí n mú wọn lọ sílé, kí n máa fún wọn ní ohun tí wọ́n bá fẹ́ jẹ. Oògùn ìrora ni oògùn náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, Akọ̀wé."

Mo mọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án náà. N kò mọ gbólóhùn náà. Ọjọ́ mẹ́ta kí Màámi tó lọ ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí, èmi kò sì béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú.

"Kí ló dé tẹ́ ò bi Dókítà léèrè?"

"Ìwọ wà níbẹ̀, ò ń kọ ọ́. Mo ní tí nǹkan kan bá wà níbẹ̀ tó yẹ ní bíbéèrè, ẹni tó lọ yunifásítì nínú wa á béèrè. O ò béèrè. Mo mọ̀ pé bó ṣe rí náà ló rí."

Èmi ní tèmi ti rò pé ẹni tó ni ara ni yóò béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí olúkúlùkù wa ti ń fi ìdákẹ́ ẹnì kejì ṣe ẹ̀rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn láti aago méje àárọ̀. Ó di aago kan kọjá kí Dókítà tó rí àyè. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ bísíkíìtì.

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ò fi kọ́kọ́ gé e?"

"Mi ò lè sọ̀rọ̀ Màmá láìsí àwọn fúnra wọn níbí, mà. Ẹ má bínú."

"Ẹ má sọ ti Màmá. Ẹ sọ ti ẹnikẹ́ni. Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń fi oògùn ṣíwájú ọ̀bẹ?"

Ó wò mí. Ó gbé bísíkíìtì náà kúrò lẹ́nu. "Kí ohun tí a máa gé lè kéré. Gígé la fẹ́ gé e, látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin rò pé kí ni?"

Mo wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá wá, ẹ̀ ń kọ̀wé. Mo máa ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé ìdílé yẹn ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ jù níbí."

Mo dúpẹ́. Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì, mo rékọjá ibi tí mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ méjì.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Mo sọ ọ́ fún un.

"Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ìwọ lo fi kún un kára mi lè yá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n mi ò fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ rí."

"Mo mọ̀. O ò sì yọ kúrò níbẹ̀ rí. Ohun tó gbé wa dé ibi tá a wà nìyẹn." Ó fa okùn máṣíìnì yọ lára iná. "Màá lọ lọ́jọ́ Ajé. Kì í ṣe pé mo ti gbà o. Mo fẹ́ fẹnu ara mi béèrè ni. Tí ìdáhùn wọn ò bá tẹ́ mi lọ́rùn, o ò ní bẹ̀ mí mọ́."

Mo ṣèlérí. Ọjọ́ márùn-ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Òjò, látàárọ̀ dọ̀sán. N kò lè kàwé, n kò lè jẹun. Bí ó bá di ọjọ́ Ajé tó ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, mo ti ṣèlérí.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta

Ó jókòó sí àga tó sún mọ́ tábìlì, èyí tí mo máa ń jókòó sí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Èékánná rẹ̀ ti dúdú nítorí oògùn.

"Dókítà, aránṣọ ni mí. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aránṣọ sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ gé nǹkan yìí ni, àbí ẹ ò fẹ́ gé e?"

"A fẹ́ gé e, Màmá."

"Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ ní ẹ ò ní gé e."

"Mo ní a ò ní gé e báyìí." Dókítà ti fáìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo dá ọ̀rọ̀ yẹn dúró láàárín ọ̀nà. Ẹ forí jì mí."

Ó fa bébà kan, ó ya róbótó ńlá. "Bó ṣe tóbi nìyí lóṣù Kejì. Ká ní a gé e nígbà yẹn, gbogbo ọyàn ló máa bá a lọ." Ó ya kékeré sínú rẹ̀. "Tí oògùn bá mú un kéré, a lè yọ ọ́ kí ọyàn kù. Ó sì tún jẹ́ ká rí i pẹ̀lú ojú wa bóyá oògùn náà ràn án. Tí a bá ti gé e dànù, kí la máa fi mọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tọ etí róbótó kékeré náà yíká.

"Aṣọ tó máa ń súnkì," ló wí, "a kì í gé e láì kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi."

"Ẹ ò rí i."

"Ẹ ò wá sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí. Tẹ́ ẹ bá wá ń gé e, ṣé ibi tó parí sí gan-an lẹ máa gbé ọ̀bẹ sí?"

"Rárá. A máa mú díẹ̀ nínú ẹran tó dáa mọ́ ọn yíká. Wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo etí ohun tá a gé. Tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá wà létí gan-an, ó ṣeé ṣe kó kù nínú. Tí etí bá mọ́, a jẹ́ pé a gbà á tán níbẹ̀."

"Àyè etí lẹ̀ ń fi sílẹ̀, bí a ṣe ń fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ojú rírán kó má bàa já."

"Àyè etí. Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn ni mo ka ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé atúmọ̀, mo sì da ìtumọ̀ rẹ̀ kọ ní ìlà mẹ́rin. Òní ló yé mi.

Dókítà fi ẹ̀rọ wọn kókó inú ọyàn náà: sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ó dín díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó tún un wọ̀n. Ó ní aránṣọ kan kì í wọn nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Dókítà tún un wọ̀n: mẹ́ta ó dín díẹ̀.

A jáde. N kò sọ̀rọ̀, nítorí ìlérí mi. Ó rìn títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá àga mẹ́fà, ó dúró.

"Níbo ni wọ́n ń gbé yìnyín sí?" ló wí.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹrin

Oògùn kẹrin, èyí tó kẹ́yìn. Obìnrin oníbúrẹ́dì kò sí lórí àga rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí ó pẹ́, ó bi nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní obìnrin náà ti parí tirẹ̀, ó ti padà sídìí ààrò. Ká ní èmi nìkan ni mo wá, ǹ bá gbé ẹ̀rù náà délé.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹrin

Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀: mẹ́tàdínlógójì àti ààbọ̀. A wọ̀n ọ́n ní wákàtí-wákàtí. Kò gòkè.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Karùn-ún

Sẹ̀ǹtímítà méjì àti ìdá kan nínú mẹ́wàá. Iṣẹ́ abẹ di ọjọ́ Ajé. Ó béèrè ohun mọ́kànlá lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ; ọkùnrin náà jókòó nígbà tó dé ìkẹrin. Ìkẹsàn-án ni pé irú òwú wo ni wọ́n máa fi rán òun. Ó ní kí wọ́n fi hàn án. Wọ́n fi hàn án. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fà á jù.

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n gbé e wọlé ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n gbé e jáde ní aago mọ́kànlá ku mẹ́wàá. Láàárín rẹ̀, Ọ̀gá Íńtánẹ́ẹ̀tì ka gbogbo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri fún mi sókè, títí kan èyí tó sọ bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́. Mo jẹ́ kó kà á.

Ó jí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀: "Wọ́n fi àyè sílẹ̀ létí?"

Kò tíì sí ẹni tó mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni èsì yóò gbà.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n yọ páìpù tó ń fa omi jáde lábẹ́ abíyá rẹ̀. Kò lè gbé ọwọ́ òsì kọjá èjìká. Nọ́ọ̀sì ní kó máa fi ìka rìn gòkè lára ògiri lójoojúmọ́. Ó fi ṣọ́ọ̀kì aṣọ sàmì sí ibi tó bá dé.

Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Karùn-ún

Èsì kò tíì dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Karùn-ún

Kò tíì dé. Mo kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé ilé ẹjọ́. Adájọ́ bi mí bóyá ara mi yá.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Karùn-ún

Kò tíì dé. Àmì ṣọ́ọ̀kì fi ìka méjì ga ju ti àná lọ.

Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Karùn-ún

Ó dé.

Mo ṣí ìwé mi, mo fi kálàmù lé e, n kò kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí Dókítà bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

"Etí ẹ̀ ńkọ́?"

"Etí mọ́, Màmá. Yíká. Ibi tó fún jù níbẹ̀ jẹ́ mílímítà márùn-ún."

Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ wọn márùn-ún náà nínú afẹ́fẹ́. "Ó fún o. Ṣùgbọ́n mo ti fi èyí tó fún jù bẹ́ẹ̀ rán ẹ̀wù ìyàwó, kò sì já."

Àwọn tó kù, mo kọ wọ́n lẹ́yìn náà. Kókó mọ́kànlá ni wọ́n yọ lábẹ́ abíyá. Ọ̀kan ṣì ní jẹjẹrẹ nínú. Nínú òmíràn, àpá nìkan ló kù níbi tí oògùn ti jà. Ìtànṣán ṣì ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà oògùn oníhóró fún ọdún márùn-ún, láti fi dí omi ara obìnrin lọ́nà kí èyí tó bá fara pa mọ́ má rí oúnjẹ.

"Ṣé ó ti tán nìyẹn?" ni èmi béèrè. Ẹnu mi ló ti jáde kí n tó mọ̀.

"Mi ò ní sọ pé ó ti tán. Ohun tá a rí, a ti gbà á. Ohun tá ò lè rí, òun la ṣì fẹ́ lo ìtànṣán àti oògùn fún. A ó máa ṣọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Ó ní ó ku ìbéèrè kan. Ó tún jókòó dáadáa.

"Ẹnì kan gbé aṣọ wá fún mi lóṣù Kejì. Oṣù Kejìlá ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Ṣé kí n gbà á?"

Dókítà gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni ṣèlérí Oṣù Kejìlá, Màmá, títí kan èmi fúnra mi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni ẹ̀yin, màá gba aṣọ náà." Ó gbé ìka sókè. "Kí ẹlòmíràn máa bá yín gbé irin ìlọṣọ o. Kì í ṣe ọwọ́ òsì yẹn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Karùn-ún

Oòrùn fẹ́ẹ́rẹ́. Mo dá àlùmọ́gàjí padà. Kò dúpẹ́, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀ bóyá mo ti fi gé bébà.

Ọmọbìnrin náà dé ní aago mẹ́wàá. Aṣọ funfun náà ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Ó ní òun ti lọ bá aránṣọ méjì, àwọn méjèèjì ń yára sọ pé kò sí wàhálà, òun kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tú ọ̀rá náà, ó fi ìka wo bí aṣọ náà ṣe nípọn tó, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ní yóò kọ́kọ́ wọ omi.

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún wọ̀n, èmi di orí téèpù kejì mú, nítorí òsì kò tíì kọjá èjìká. Ó ń pe nọ́ńbà, mo ń kọ ọ́: àyà, ìbàdí, apá, láti èjìká dé ilẹ̀. Ó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó parí, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un látòkè délẹ̀. Ó ní ó pé. Mo gbé kálàmù kúrò, mo tún un gbé padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ínṣì mélòó lẹ fẹ́ kí n kọ fún àyè etí?"